Àwọn Tí Kò Sí Nínú Àwòrán Etíkun Ireland

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fi kámẹ́rà ya àwòrán tà ní ìlú etíkun apá ìwọ̀-oòrùn Ireland, ìbáà jẹ́ Galway, Westport tàbí Dingle, ohun tí ẹ máa bá lára ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àpáta gíga tó kọjú sí òkun. Iyanrìn funfun tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀. Ilé iná atọ́nà-ọkọ̀ kan tó dá wà lórí òkúta. Ojú ọ̀run tó pọ́n yòò nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Bébà wọn nípọn, férémù wọn dára, ayàwòrán sì ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà àti orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀. Mo ti fowó ra lára wọn, mo sì tún máa rà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pẹ́ níwájú wọn sí i ni ìbéèrè kan ń le sí i lọ́kàn mi: àwọn èèyàn ibẹ̀ dà?

Kì í ṣe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni mò ń béèrè. Àwọn yẹn pọ̀. Ní Cliffs of Moher nìkan, ìyẹn àpáta gíga kan tó kọjú sí òkun, àlejò tó ń wá lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù kan, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ayàwòrán fi ń débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ni etíkun náà ni mò ń wá: àwọn apẹja, àwọn tó ń ru ewéko òkun lọ sóko láti fi ṣe ajílẹ̀, àwọn tó ń da àgùntàn, àwọn ìyá tó ń sá aṣọ sẹ́yìn ilé. Nínú àwòrán, ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run dá ilẹ̀ náà sí òfìfo, tí ẹnikẹ́ni kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Irọ́ gbuu ni. Òfìfo yẹn ní ìtàn, ẹni tó bá sì gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀ ti gbé ìtàn ọ̀hún wọlé, ó mọ̀ o, kò mọ̀ o.

Kí n kọ́kọ́ fún ilẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí ẹwà rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Moher ga tó mítà 214 níbi tó ga jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ tí Cornelius O'Brien kọ́ ní 1835, ó sì lọ gbọọrọ létí òkun bíi kìlómítà 14. Ẹrẹ̀ àti yanrìn tí omi gbé wá ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn ló le di òkúta, ìpele lórí ìpele, débi pé bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí ìlà kọ̀ọ̀kan. Sliabh Liag, àpáta etí òkun mìíràn ní Donegal, ga jù ú lọ dáadáa, mítà 601, ṣùgbọ́n kò dúró ṣánṣán bíi ti Moher. Ó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú omi ni, àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí láti pupa rẹ́súrẹ́sú sí àwọ̀ ewé, títí tó fi dúdú. Nínú àwòrán, èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju Moher lọ, nítorí kò ṣeé kó sínú férémù tán. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ pinnu ibi tó máa fi sílẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́.

Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni olórí ohun tí wọ́n ń wá débẹ̀. Láti Amẹ́ríkà títí dé ibẹ̀, omi nìkan ló wà. Afẹ́fẹ́ Àtìláńtíìkì kò pàdé ohun tó máa dá a dúró kó tó kọlu ilẹ̀ náà. Òjò dé, òjò dá, oòrùn yọ, kùrukùru bò ó, láàárín wákàtí kan péré. Ilẹ̀ náà tún jìnnà sí àríwá, nítorí náà oòrùn ibẹ̀ kì í já bọ́ tààrà bíi ti àwọn ilẹ̀ tó súnmọ́ agbedeméjì ayé. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà lọ, díẹ̀díẹ̀. Nínú oṣù kẹfà ọdún, aago mẹ́wàá alẹ́ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kó tó wọ̀ ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìmọ́lẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ, gbogbo gegele kékeré ń ní òjìji. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òjìji yìí sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Kámẹ́rà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ òwò yìí. Nígbà tí ọdún 1740 ń súnmọ́, obìnrin ará Dublin kan, Susanna Drury, lọ sí Giant's Causeway ní Antrim, ó sì ya ibẹ̀ fínnífínní. Ní 1740, ẹgbẹ́ Dublin Society fún un ní ẹ̀bùn £25 lórí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni François Vivares fín àwòrán rẹ̀ sára awo bàbà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní nǹkan bí 1743 sí 1744, ó sì tàn káàkiri Yúróòpù. Òpó òkúta dúdú ló kún Causeway náà, nǹkan bí 40,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní igun mẹ́fà, tí wọ́n fara ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí títí wọ inú òkun. Ẹni tó gbọ́ lẹ́nu lásán kò gbà. Ẹni tó rí bébà náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn: ṣé omi ló ṣe é ni, àbí iná abẹ́ ilẹ̀? Nicolas Desmarest ti ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn tó ní iná ni, àwọn ló sì jàre. Òkúta yíyọ́ ló ṣàn jáde ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Bó ṣe ń tutù ló ń sún kì, bó ṣe ń sún kì ló ń là. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé àwòrán tí obìnrin kan fara balẹ̀ yà létí òkun wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé mọ bí ilẹ̀ ṣe dáyé.

Nínú iṣẹ́ Drury, àwọn èèyàn wà. Wọ́n kéré, wọ́n dúró láàárín àwọn òkúta, àwọn ló sì jẹ́ ká mọ bí òpó wọ̀nyẹn ṣe tóbi tó.

Wọ́n ṣì wà nígbà tí kámẹ́rà dé. William Lawrence, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dublin ní 1865, gba Robert French síṣẹ́ láti máa gbé kámẹ́rà ńlá rìn káàkiri erékùṣù náà. Nǹkan bí 40,000 awo gíláàsì, irú èyí tí kámẹ́rà ń ya àwòrán sí nígbà náà, látinú òwò yẹn ló wà ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè wọn lónìí. Ẹ ó rí obìnrin tó fi ìborùn bo orí, ọmọ tí kò wọ bàtà létí èbúté, ọkọ̀ ìpẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí yanrìn.

Ìgbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pòórá. Ọ̀dà ni Paul Henry fi ń ya tirẹ̀, kì í ṣe kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ àwòrán etíkun yìí kó fò ó. Ọmọ Belfast ni. Ó dé erékùṣù Achill ní 1910, ó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń wa pòtétò ló ń yà, àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ilẹ̀ dúdú. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, òkè, omi àti ìkùukùu gba gbogbo ojú àwòrán. Ní 1925, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin LMS ti England gbé àwòrán Connemara tó yà jáde bíi pósítà láti fi pe àlejò. Ó tàn débi pé ohun tó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n bá gbọ́ ìwọ̀-oòrùn Ireland kò ju ohun tó wà nínú pósítà yẹn lọ: òkè aláwọ̀ búlúù, ìkùukùu funfun gàgàrà, ilé kéékèèké díẹ̀, kò sẹ́nìkan níta. Ojú Henry kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé dáadáa, ó sì ṣeé ṣe kí búlúù yẹn ti ibẹ̀ wá. Mo fẹ́ràn búlúù yẹn gan-an. Àmọ́ àwọn tó ń wa pòtétò ti lọ.

John Hinde dá wọn padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà kò dára tó. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí dá ilé iṣẹ́ pósítíkáàdì sílẹ̀ ní Dublin ní 1956, ó sì fi àwọ̀ kún àwọ̀ títí òkun Ireland fi di ti ibi tí òjò kì í ti í rọ̀. Àwọn ọmọ onírun pupa dúró ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n fara balẹ̀ fún kámẹ́rà. Bí iwájú àwòrán bá ṣófo, wọn a gé ẹ̀ka igi olódòdó wá dí i. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ń ta iṣẹ́ ọnà olówó ńlá lónìí ṣì ń sá fún pósítíkáàdì Hinde. Wọ́n kórìíra irọ́ rẹ̀, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń da irọ́ náà nù, wọ́n da àwọn èèyàn nù mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí òjìji. Ẹ wá àwòrán òkè kan ní Achill tàbí Connemara, tí wọ́n yà nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, kí ẹ wo ara òkè náà dáadáa. Ní ibi tó ga, tó dágẹ̀rẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè ronú pé oko lè wà, ẹ máa rí ìlà gbọọrọgbọọrọ tó tò tẹ̀lé ara wọn. Lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ náà a tẹ́ lójú, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá ni ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń ní òjìji tirẹ̀. Àwọn ayàwòrán fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń fún òkè ní ara. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ebè pòtétò ni. Ọwọ́ èèyàn ló kọ ọ́. Àwọn tí kò ní ilẹ̀ tó dára, tí wọ́n ń san owó ilẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ ńlá, ló gun òkè lọ dáko. Wọ́n ru ewéko òkun àti yanrìn sẹ́yìn gòkè, wọ́n dà á sórí òkúta, wọ́n wú ilẹ̀ lé e lórí. Pòtétò ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ní 1845, àrùn kan kọlu ewé pòtétò, ó sì jẹrà sínú ilẹ̀. Nígbà tí Ìyàn Ńlá náà fi máa parí ní 1852, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ti kú, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan mìíràn sì ti sá kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ nínú ebè orí òkè wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó tún padà wá gbin nǹkan sí i. Koríko bò ó, àgùntàn ń jẹ lórí rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní, ó ń dúró de oòrùn ìrọ̀lẹ́ kí ojú tó lè rí i.

Ní ẹsẹ̀ òkè Slievemore ní Achill kan náà, ahoro abúlé kan wà: àwókù ilé òkúta tó tó 80 sí 100, tí wọ́n tò lọ gbọọrọ, tí òrùlé kò sí lórí ìkankan. Kì í ṣe ìyàn nìkan ló lé gbogbo wọn. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun ní Dooagh, wọ́n sì ń padà wá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú màlúù wọn. Ní ilẹ̀ tiwa, pèrègún tó dá hù nínú igbó ló máa ń sọ fún èrò ọ̀nà pé agbo ilé kan wà níbẹ̀ rí. Ní Achill, ebè yẹn ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán tó bá dúró de ìmọ́lẹ̀ tó tọ́ ń jẹ́ kí àwọn tó kọ ebè padà sínú àwòrán, bí kò tilẹ̀ sí ẹnìkan níbẹ̀. Irú òfìfo tí mo gbà nìyẹn.

Ibòmíràn tí wọ́n yà láyàtúnyà ni èbúté Dún Chaoin ní Kerry: ọ̀nà tóóró kan tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àpáta títí dé etí omi. Láti òkè, ìrísí rẹ̀ nìkan tó ohun tí a ń kọ́ sára ògiri. Ọ̀nà yẹn ni àwọn ará erékùṣù Blasket Ńlá máa ń gbà bí wọ́n bá wá ra nǹkan, bí wọ́n bá wá pe àlùfáà, bí wọ́n bá gbé òkú wọn wá sin. Ọkọ̀ wọn fúyẹ́, aṣọ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Àwọn àgbà wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Àwọn ará Blasket lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dúró láìrí ọ̀nà kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1947, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú níbẹ̀ nígbà tí ìjì kò jẹ́ kí dókítà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1953, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn tó kù wá sórí ilẹ̀. Wọn kò ju nǹkan bí 22 lọ. Bí mo bá rí àwòrán Dún Chaoin báyìí, ìgbésẹ̀ àwọn tó ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé wọn ni mò ń rò.

Fastnet náà ń kọ́? Òkúta kan ṣoṣo ni, níwájú Cork, tí ilé iná tó wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1904. Wọ́n máa ń yà á nígbà tí ìgbì bá gùn ún dé àyà, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sì máa ń tà dáadáa. Àwọn ará Ireland ń pè é ní omijé Ireland, nítorí òun ni ohun ìkẹyìn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ń rí nínú ilẹ̀ wọn. Ayàwòrán ń fi kámẹ́rà wò ó pé ó rẹwà. Àwọn tó ń ṣí lọ yẹn dúró ní ìdí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń kéré. Èmi tí mo kúrò nílé wá máa gbé ní Galway, mi ò lè wo òkúta yẹn kí n má ronú nípa àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn òkun tí wọ́n sọ di wàrà. Ẹ ti rí i: wọ́n á dé gíláàsì dúdú mọ́ ojú lẹ́ǹsì, èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ní nǹkan bí ìlọ́po 1,000, wọ́n á gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta kó má baà mì, wọ́n á wá ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ a pa pọ̀ di nǹkan funfun tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tutù lójú, ó bá yàrá ìsùn mu, ilé ìtura ń rà á. Ṣùgbọ́n Àtìláńtíìkì kì í ṣe omi tó ń sùn. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, ó jẹ àpáta títí Dún Briste, òpó òkúta gíga kan ní Mayo, fi dá dúró sínú omi, tí òun àti ilẹ̀ tó ti jẹ́ apá kan rẹ̀ sì ń wo ara wọn lókèèrè. Bí ayàwòrán bá ṣí ojú kámẹ́rà fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, omi ṣì máa ní ìlà, a ṣì máa rí ibi tó ń fà lọ, a ó sì rí agbára rẹ̀. Ìyẹn tó mi.

Ọ̀rọ̀ bébà kò gùn lẹ́nu mi, àmọ́ ó ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ rà. Fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ síta. Bébà ń gba ìmọ́lẹ̀ yàrá ni. Nítorí náà, àwòrán tó mọ́ kedere lórí fóònù lè dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò lórí bébà, pàápàá ní ibi òjìji àpáta. Atẹ̀wé tó mọ iṣẹ́ máa ń tẹ ègé kékeré dán an wò kó tó tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ béèrè bébà òwú tí kò dán, tó wúwo tó bíi gíráàmù 300 fún mítà kan níbùú lóròó, àti tàdáwà aláwọ̀ lẹ́búlẹ́bú. Aró olómi máa ń ṣá kíákíá. Gíláàsì kò gbọ́dọ̀ fara kan bébà, kí ọ̀rinrin má baà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń tàn sí i tààrà. Bí ẹ bá rí 7/50 ní ìsàlẹ̀, ẹ̀dà keje nínú àádọ́ta ni; ẹ béèrè bóyá ayàwòrán ṣì lè tẹ 50 mìíràn ní ìwọ̀n tó yàtọ̀, nítorí àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ń sọ nọ́ńbà náà di yẹpẹrẹ.

Ó tún yẹ kí ayàwòrán kọ ọjọ́ tó yà á. Etíkun yìí kì í dúró sójú kan. Ní Dooagh tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òkun kó gbogbo iyanrìn etí omi lọ ní 1984, òkúta nìkan ló ṣẹ́kù. Ní 2017, òkun kan náà gbé iyanrìn padà wá láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọ tí kò rí i rí sì ń sáré lórí rẹ̀. Àwòrán Dooagh tí kò ní ọjọ́ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni èwo nínú Dooagh méjèèjì ló jẹ́.

Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ayàwòrán tí mo bá pàdé nídìí ọjà wọn, àwọn kan sì ti ń ṣe é: ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn férémù. Orúkọ ibẹ̀ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é ní èdè Irish, ọjọ́ tí ẹ yà á, bóyá òkun ń kún ni tàbí ó ń fà, àti àwọn tó gbé ibẹ̀ rí. Ìlà mẹ́rin péré, kò ní ba ẹwà kankan jẹ́. Ní báyìí, àwòrán Slievemore kan wà tí ọkàn mi fà sí, tí wọ́n yà nínú òjò, tí àwókù ilé yọ díẹ̀díẹ̀ nínú kùrukùru, tí ebè sì hàn lókè wọn. Owó rẹ̀ pọ̀. Mo ti bẹ ẹni tó ń tà á pé kó bá mi fi ẹ̀dà kan pamọ́ di ìparí oṣù, mo sì ti sọ fún un pé tí kò bá kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, mo máa jókòó tì í títí á fi kọ ọ́.